Gíríìn Tíì àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀: Ohun Táwọn Ará Èkó Ń Bèèrè

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó ṣòro kéèyàn wọ kẹ́míìsì kan láti Sùúrùlérè dé Ìsàlẹ̀ Èkó kó má rí páálí gíríìn tíì lórí káńtà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á ni kò gbádùn rẹ̀ lẹ́nu rárá. Skánì ló sọ fún wọn pé ọ̀rá ti wọ ẹ̀dọ̀ wọn, ẹnì kan nílé tàbí níbi iṣẹ́ ló sì ní kí wọ́n máa mu ún. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tá à ń gbani nímọ̀ràn lórí oúnjẹ la kó jọ síbí, pẹ̀lú ohun tá a máa ń fi dá wọn lóhùn.

Skánì ní mo ní "fatty liver". Kí ni wọ́n ń wí gan-an?

Wọ́n ní ọ̀rá ti kó sínú ẹ̀dọ̀ yín kọjá bó ṣe yẹ. Kò sí ẹ̀dọ̀ tí kò ní ọ̀rá díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá ti wọ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ, àwọn dókítà á kà á sí àìsàn. "Grade 1", "grade 2" tàbí "grade 3" tẹ́ ẹ rí lórí ìwé yẹn ń sọ bí ọ̀rá náà ṣe pọ̀ tó lójú ẹni tó ṣe skánì. Kò sọ bóyá àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀, bẹ́ẹ̀ àpá yẹn lọ̀rọ̀ gan-an. A ti rí ẹni tí grade 1 kò jẹ́ kó sùn, a sì ti rí ẹni tó gba grade 3, tó ká ìwé rẹ̀ sápò, tó yà sídìí àsun lọ́nà ilé.

Lọ́dún 2023, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ẹ̀dọ̀ lágbàáyé yí orúkọ àìsàn náà kúrò ní NAFLD, wọ́n sọ ọ́ di MASLD. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí lórí ìwé yín, àìsàn kan náà ni.

Mi ò fẹnu kan ọtí rí láyé mi. Báwo ló ṣe wá kàn mí?

Àwọn Alhaja àtàwọn ìyá ìjọ ló ń bi wá ní ìbéèrè yìí jù, wọ́n sì máa ń fi ìbínú díẹ̀ bi í, àfi bíi pé a fẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ọtí ń kó ọ̀rá sínú ẹ̀dọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú èyí tá à ń sọ yìí, ara sísanjù, ikùn ńlá, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a rìn.

Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tọpa ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn kan láti mọ ibi tó ti wá. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wá látinú ọ̀rá tó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá 26, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe é, ìyẹn látinú ṣúgà àti oúnjẹ oníṣítáàṣì. Ìdá 15 péré ló wá tààrà látinú epo àti ọ̀rá tí wọ́n jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ìyá tó ti fi epo pupa sílẹ̀ pátápátá, àmọ́ tó ń mu malt méjì lójúmọ́ nítorí wọ́n ní malt ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, ibi tí olè kò gbà wọlé ló ń ṣọ́. Ṣúgà tó wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan lè tó 50 gíráàmù, ìyẹn sì ju ṣíbí ìmútíì mẹ́wàá lọ.

Kò síbi tó ń dùn mí. Ṣé mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ náà kò ní kọjá ọ̀rá lásán, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àpá á máa mú un díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọdún pípẹ́ á le, á sunkì, jẹjẹrẹ pàápàá lè yọjú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ni pé àìsàn ọkàn ló ń pa àwọn tó ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ jù, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìwé skánì yẹn ń sọ nípa gbogbo ara yín.

Ó dáa. Ṣé gíríìn tíì lè mú ọ̀rá náà kúrò?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Kò lè dá a ṣe.

Igi kan náà ni wọ́n ti ń já ewé gíríìn tíì àti ti tíì dúdú. Camellia sinensis lorúkọ igi ọ̀hún, òun náà ni wọ́n ń gbìn lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàràbà. Ti tíì dúdú, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lára ewé náà títí á fi dúdú. Ti gíríìn tíì, wọ́n á tètè fi ooru pa á kó má baà yí padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí èròjà tí wọ́n ń pè ní catechin pọ̀ nínú rẹ̀. Oríṣiríṣi ni catechin, EGCG sì ni àwọn olùwádìí ń lé kiri jù.

Lára eku, àbájáde rẹ̀ wúni lórí. Lọ́dún 2019, Richard Bruno àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ eku fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n sì po èròjà gíríìn tíì mọ́ tàwọn kan. Àwọn tó jẹ gíríìn tíì fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín ní sísanra sí àwọn tí kò jẹ ẹ́. Lọ́dún 2020, àwọn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe tiwọn fún ọ̀sẹ̀ 16. Eku tó jẹ gíríìn tíì tó sì ń sáré ní ìdá kan péré nínú mẹ́rin ọ̀rá ẹ̀dọ̀ tí eku tí kò ṣe nǹkan kan ní. Èyí tó jẹ gíríìn tíì nìkan ní nǹkan bí ìdajì. Èyí tó sáré nìkan náà ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ ò rí i pé eré sísá lásán ṣe iṣẹ́ tó tó ti tíì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ta eré sísá ní páálí. Ìwọ̀n gíríìn tíì tí wọ́n fún àwọn eku wọ̀nyẹn, tá a bá gbé e wá sọ́dọ̀ èèyàn, tó nǹkan bí ife 10 lóòjọ́.

Lára èèyàn ńkọ́? Àwọn ará Japan gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún 2013 lára aláìsàn 17 fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tó ń mu tíì tí catechin pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, mílígíráàmù 1,080 nínú mílílítà 700 lójoojúmọ́, rí i pé ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn dín kù lórí skánì, ALT wọn, ìyẹn èròjà tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀, sì wálẹ̀ nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èèyàn 17 kò tó èèyàn tó wà nínú dáńfò kan àti ààbọ̀, a ò lè tìtorí wọn fọwọ́ sọ̀yà. Lọ́dún 2022, Bruno àti tirẹ̀ tún gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 40. Wọ́n jẹ èròjà gíríìn tíì tó dọ́gba pẹ̀lú ife 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 28. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, wíwú inú ìfun wọn náà sì dín kù.

Ní ti pé kó mú èèyàn rù, ẹ má retí púpọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane kó àwọn ìwádìí lórí gíríìn tíì àti ara sísan jọ lọ́dún 2012, ohun tó mú kúrò lára àwọn tí kì í ṣe ará Japan kéré débi pé ìwọ̀n tó wà ní kẹ́míìsì àdúgbò yín kò ní mọ̀ ọ́n.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara?

Inú ìfun lojú àwọn olùwádìí wà jù báyìí. Bí èèyàn bá sanra jù, tó sì ń jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, ìfun rẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀, kí májèlé tó ti ara kòkòrò àìfojúrí inú ìfun wá ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ ń kọ́kọ́ dé, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, tó sì ń wú. Nínú ìwádìí eku ti 2019 yẹn, ìfun àwọn tó jẹ gíríìn tíì kò jò tó ti àwọn yòókù. Catechin tún ń dí ọ̀rá oúnjẹ lọ́nà díẹ̀ kó má baà wọ ara tán. Ara kì í sì í gba púpọ̀ nínú EGCG tá a bá mu ún, ìfun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá. Kò yà wá lẹ́nu tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jù.

Ife mélòó ni kí n máa mu lójúmọ́?

Méjì sí mẹ́rin tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú ife kan, EGCG máa ń wà láàárín mílígíráàmù 50 sí 100, kaféènì rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 30 sí 50, ìyẹn kò tó ti kọfí. Ẹni tí kaféènì máa ń lé oorun rẹ̀ lọ kó má mu ún lẹ́yìn agogo mẹ́ta ọ̀sán. Àìsùn tó kúkú ń fìyà jẹ ará Èkó tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ láti lé mọ́tò tó, ẹ má fi tíì kún un.

Báwo ni kí n ṣe é kó má korò?

Ọ̀pọ̀ tó sọ pé gíríìn tíì korò bí ewúro, omi tó ń hó yààyàà ni wọ́n ń dà lé e. Ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí ọmọrí kẹ́tù, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ooru rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ wá dà á lé tíì náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ yọ báàgì rẹ̀ kúrò. Ẹ má fún báàgì náà mọ́ ife, ibẹ̀ ni ìkorò pọ̀ sí. Àwọ̀ rẹ̀ á jẹ́ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tàn sí àwọ̀ ewé. Bó bá ti pọ́n, ó ti pẹ́ jù nínú omi nìyẹn.

Àwọn oníṣòwò Balógun tó ń gbé fúláàsìkì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí báàgì wà nínú fúláàsìkì láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó mu ún: lọ́dún 2016, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé kìlọ̀ pé ohun mímu tó gbóná ju 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun.

Ṣé mo lè fi mílíìkì àti ṣúgà sí i?

Ṣúgà rárá. Bẹ́ ẹ bá ju kóró ṣúgà mẹ́ta sínú ife, tẹ́ ẹ mu ife mẹ́ta lójúmọ́, kóró mẹ́sàn-án lẹ ti gbé fún ẹ̀dọ̀ pé kó sọ di ọ̀rá. Oyin náà ṣúgà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó láti Ṣakí. Mílíìkì sì máa ń sọ gíríìn tíì di nǹkan míì lẹ́nu. Òróm̀bó wẹ́wẹ́ tàbí atalẹ̀ tí wọ́n gé sí i dára, ó sì ń pa ìkorò rẹ̀.

Lójú tiwa, àǹfààní tó dájú jù tí tíì yìí ní wà níbí: ó lè gbapò nǹkan míì. Ẹni tó ń mu ìgò mineral kan pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán lójoojúmọ́, tó wá fi gíríìn tíì tí kò ní ṣúgà rọ́pò rẹ̀, ó ti ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lóore tó pọ̀, ì báà jẹ́ pé catechin kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó sì ń mu méjèèjì pa pọ̀, owó rẹ̀ ló ń ná.

Dípò wàhálà kẹ́tù, ṣé mi ò kúkú lè ra kápúsù rẹ̀?

Ibí yìí la fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Tíì inú ife àti kápúsù kì í ṣe ohun kan náà, bí àwòrán ewé kan náà tiẹ̀ wà lára páálí méjèèjì. Inú kápúsù, wọ́n ti fún èròjà ewé náà pọ̀, EGCG inú rẹ̀ lè pọ̀ ju ti ife mẹ́jọ lọ, ẹ ó sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà míì láìtíì jẹun.

Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn obìnrin tó ti ṣíwọ́ nǹkan oṣù ní kápúsù gíríìn tíì tó ní mílígíráàmù 843 EGCG lójúmọ́, fún ọdún kan gbáko. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ìdajì wọn sì ń mu kápúsù tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ̀dọ̀ ló wá fa àníyàn: ALT gbéra sókè gan-an lára bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó mu gíríìn tíì. Lára àwọn tó mu èyí tó ṣófo, kò tó ìdá kan. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó wálẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 2003, ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì ti kó Exolise kúrò lórí àtẹ, oògùn ìdín-sísanra tí wọ́n fi gíríìn tíì ṣe ni, nítorí ẹ̀dọ̀ àwọn kan tó lò ó bàjẹ́. Lọ́dún 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù sọ pé mílígíráàmù 800 EGCG tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ nínú kápúsù lè da ẹ̀dọ̀ láàmú. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kápúsù kankan kò gbọdọ̀ tó ìwọ̀n yẹn lójúmọ́, àti pé kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó láìjẹun.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe báyìí fún. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àbínibí àwọn kan, HLA-B*35:01 ni wọ́n ń pè é, tó pọ̀ lára àwọn tí kápúsù gíríìn tíì ti ṣe lẹ́ṣe. Ta ló wá ṣe àyẹ̀wò ìyẹn kó tó wọ kẹ́míìsì? Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa fi owó dán an wò. Ẹ mu tíì. Ẹ fi kápúsù sílẹ̀.

Slimming tea tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà ńkọ́? Wọ́n ní gíríìn tíì ni.

Ẹ yí páálí náà padà. Iwájú rẹ̀ á ní obìnrin tó fi téèpù wọn ìbàdí, ewé tútù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ "flat tummy" gàdàgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti wẹ́ bí èèrà, ẹ sábà máa rí "senna". Ewé tó ń ṣí inú ni senna. Ó ń jẹ́ kéèyàn yàgbẹ́, omi ara á jáde, kílò kan tàbí méjì á dín lórí ìwọ̀n, ẹ ó sì rò pé ọ̀rá ló lọ. Ọ̀rá kò kúrò lójú kan. Bẹ́ ẹ bá mu omi tán, kílò yẹn á padà. Tẹ́ ẹ bá wá ń lò ó fún oṣù mélòó kan, potásíọ́ọ̀mù ara lè lọ sílẹ̀ débi tí ọkàn á fi máa lù ségesège, ìyẹn sì léwu fún ẹni tó ti ń lo oògùn tó ń múni tọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Ó ní nọ́ńbà NAFDAC o!" A gbọ́. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú páálí bẹ́ẹ̀ ló tún ní gbólóhùn kékeré kan pé NAFDAC kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ẹ wá a, ẹ ó rí i.

Ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ mi ní Jankárà ní òun ní àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀.

A kì í bá ẹlẹ́wé-ọmọ jà, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n fi àgbo wọn wẹ̀ lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀. Òun gan-an ló ń fọ nǹkan fún ara, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sì gbé mì, òun ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a kò bá mọ iye ewé, èèpo àti egbò tó wà nínú ìgò kan, tí wọ́n tún fi ògógóró rẹ ẹ́, iṣẹ́ la fi kún iṣẹ́ fún un. Ewúro nínú ọbẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Àgbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn.

Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé gíríìn tíì kò ní bá a jà?

Ó sinmi lórí oògùn tẹ́ ẹ ń lò. Gíríìn tíì máa ń dín nadolol, ọ̀kan lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kù gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, débi tí oògùn náà kò fi ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má ṣàdédé máa mu ife púpọ̀ lójúmọ́ láìsọ fún dókítà rẹ̀. Fún oògùn yòókù, ẹ fi omi lásán lo oògùn, ẹ má fi tíì gbé e mì, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ apòògùn. Kò ní gba owó lọ́wọ́ yín fún ìyẹn.

Aláboyún ńkọ́? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré? Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú?

Aláboyún kó má kọjá ife kan tàbí méjì, torí kaféènì. Kápúsù, kó má fẹnu kàn án. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré kó jẹ́ kí wákàtí kan ó kéré tán wà láàárín oúnjẹ àti tíì, nítorí ó máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kó má mu ún láìjẹun.

Kí wá ni kí n ṣe gan-an tí ọ̀rá yìí á fi kúrò?

Kí kílò dín. Bí ẹni tó wọn 100 kílò bá dín 3 sí 5, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bó bá dín 7 sí 10, wíwú ẹ̀dọ̀ náà á máa rọlẹ̀, àpá pàápàá lè dín kù lára ọ̀pọ̀. Ẹ rọra ṣe é o. Ẹni tó febi pa ara rẹ̀, tó rù lójijì, lè tún dá kún ìṣòro ẹ̀dọ̀ náà.

Oúnjẹ alẹ́ ló ń ba ti ará Èkó jẹ́ jù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù tó ń gbé ní Ìpájà á jókòó sínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ lórí Third Mainland, á dé ilé ní aago mẹ́wàá, ebi á ti pa á kú, á wá gbé èbà tó tó orí ọmọ tuntun síwájú, á jẹ ẹ́ tán, á sùn. A ò ní kẹ́ ẹ má jẹ èbà. Ẹ jẹ́ kí òkèlè tó ìkúùkù yín kan, kí ẹ̀fọ́ rírò gba ìdajì abọ́, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé oúnjẹ sínú kúlà, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ní aago mẹ́fà kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ti alẹ́ wá jẹ́ èso tàbí mọ́ín-mọ́ín kékeré. Búrẹ́dì Agége pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn dùn, àwa náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni kó pọ̀ níbẹ̀, kí búrẹ́dì má tó ìdajì.

Ní ti eré ìdárayá, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni wọ́n dámọ̀ràn, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan ṣáájú tiyín, ẹ fi ẹsẹ̀ yára rìn ín. Ẹ gun bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ dípò kẹ́ ẹ máa fo títì, ẹ̀mí yín náà kò ní wà nínú ewu. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè, ẹ ó rí àwọn bàbá àti ìyá tó ń fi orin fò sókè sódò, kò sẹ́ni tó máa wo bí ara yín ṣe tóbi tó.

Kọfí àti zóbò ńkọ́?

Kọfí tí kò ní ṣúgà dára fún ẹ̀dọ̀. Ó pẹ́ tí ìwádìí ti ń fi hàn pé àpá ẹ̀dọ̀ kì í sábà pọ̀ lára àwọn tó ń mu ún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn kọfí ju tíì lọ, ẹ má fi tíì da ara yín láàmú. Zóbò tí wọ́n ń tà lójú pópó, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ se tiyín nílé.

Ṣé ọ̀rá nìkan ló lè máa yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu?

Rárá, a ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tíì bo èyí mọ́lẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé hepatitis B, kòkòrò àìfojúrí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wà lára nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà. Ọ̀rá àti hepatitis B lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n á sì jọ máa jẹ ẹ̀dọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kó ní kí láàbù ṣe HBsAg, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá hepatitis B, fún òun. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bó bá wà níbẹ̀, gíríìn tíì kò lè lé e, oògùn tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ dókítà.

Ṣé oògùn òyìnbó kankan wà fún ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀?

Ó ti wà báyìí, fún àwọn tí àpá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀dọ̀ wọn àmọ́ tí kò tíì sunkì. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n sì fọwọ́ sí semaglutide fún iṣẹ́ kan náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Wọ́n wọ́n. Semaglutide náà ni abẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń tà kiri lórí Instagram pé ó ń mú èèyàn rù. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ kò mọ ibi tó ti gbé e wá, tẹ́ ẹ kò sì mọ bóyá ó wà nínú fíríìjì lójú ọ̀nà.

Ìgbà wo ni kí n padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni kí n sì bèèrè?

Tẹ́ ẹ bá ti yí oúnjẹ padà, tẹ́ ẹ sì ń rìn, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ má fi ALT nìkan dájọ́, ó lè wà níbi tó yẹ kí ọ̀rá ṣì pọ̀. Ẹ bi dókítà yín pé, "FIB-4 mi ńkọ́?" Ìṣirò tó ń sọ bóyá àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀ ni. Ọjọ́ orí yín, AST, ALT àti platelet ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, àwọn àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Bó bá wà lábẹ́ 1.3, ó ṣòro kí àpá ti pọ̀ lára ẹ̀dọ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè ní kẹ́ ẹ ṣe FibroScan, skánì tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó.

Ṣùgbọ́n bí ẹyinjú yín bá di yẹ́lò bí ẹni tó ní ibà pọ́njúpọ́njú, tí ìtọ̀ yín dúdú, tí ikùn ń kún fún omi, tẹ́ ẹ bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú, ẹ má dúró de oṣù kankan. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà, ọsibítù ìjọba sì wà ní Ọ̀dán fún ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ kó páálí àti ìgò gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń lò dání, àti tíì, àti kápúsù, àti àgbo, kí dókítà fojú ara rẹ̀ rí i.